Iṣẹ́ ni ọmọ yẹn ń lọ ṣe: lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ wa ní Kubwa

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi nínú ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó lórí ọmọ ọlọ́mọ. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá ti rí ẹni tó kọ lẹ́tà yìí, ẹ ó ní, "Ìyá Tíṣà tún ti dé." Mo tún ti dé lóòótọ́. Ǹ bá má gbé e síta báyìí, àmọ́ ìwé méjì tí mo fi ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀ kò rí èsì, wọ́n sì sọ fún mi pé ọ̀kan nínú wọn ni ẹnìkan fi nu epo àkàrà lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìpàdé. Kò burú. Èyí tí mò ń kọ lónìí, mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń gbé Abuja rí i kà, láti Nyanya títí dé Gwagwalada, torí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ju ti ọmọ kan ṣoṣo lọ.

Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, ẹ ka ìwé ìbéèrè ọmọbìnrin kan tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ̀yìn ọjà Kubwa níbí ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń ta páànù nígbà náà. Èmi ni mo kọ́ ọ ní bàọ́lọ́jì fún ọdún mẹ́ta. Ó lọ sí Zaria, ó gboyè àkọ́kọ́, ó gba ìkejì, ó sì parí PhD, ìyẹn oyè dókítà, lọ́dún tó kọjá lórí àwọn bakitéríà, kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, tó ń gbé inú gbòǹgbò ẹ̀wà. Yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á síṣẹ́ ìwádìí ọdún méjì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní pósìdọ́ọ̀kì. Mo fi ojú ara mi rí lẹ́tà náà, owó oṣù wà nínú rẹ̀ kedere. Kò tọrọ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ó ní kí ẹ yá òun ní owó físà, owó ọkọ̀ òfúrufú àti owó ilé oṣù àkọ́kọ́, kí òun máa dá a padà díẹ̀díẹ̀ bí owó oṣù bá ti ń wọlé.

Ẹ kọ̀. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀, owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ẹnìkan. Ìdí tí ẹ fi kọ̀ ló bí lẹ́tà yìí. Nínú ìwé mínìtì, wọ́n kọ ọ́ pé owó ẹ̀kọ́ wà fún ẹni tó ń kàwé, ẹni tó bá sì ti di dókítà ti kàwé tán. Ẹnìkan béèrè pé ṣé ìwé kì í tán ni. Òmíràn ní kí ló kan Yorùbá tó wà ní Abuja nínú kòkòrò abẹ́ ẹ̀wà. Bàbá kan, mi ò ní sọ ẹni tó jẹ́, ní ọkọ ló yẹ kí ọmọ náà máa wá. Ti bàbá yẹn ló rọrùn jù láti dá lóhùn: àfẹ́sọ́nà ọmọ náà wà ní Kaduna, ẹ máa jẹ ìrẹsì wọn láìpẹ́. Àwọn méjì tó kù ni mo fẹ́ fara balẹ̀ bá yín sọ.

Ohun tí wọ́n ń pè ní pósìdọ́ọ̀kì yìí, èmi náà kò mọ̀ ọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún tí mo fi ń kọ́ni. Orúkọ rẹ̀ ló ń ṣì wá lọ́nà. A gbọ́ "dókítà" nínú rẹ̀, a wá rò pé ìwé lórí ìwé ni. Kò sí oyè kankan lópin rẹ̀, kò sí gáùn, kò sí fọ́tò pẹ̀lú fìlà olórí pẹlẹbẹ. Ẹ wo ọmọ tó kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ó lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó gba fírídọ́ọ̀mù, wọ́n gbé sìsọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́, wọ́n ṣàdúrà, a jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù. Ṣé ọjọ́ kejì ló máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù? Èyí tó gbọ́n nínú wọn á kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá mìíràn. Bó bá jẹ́ pé bùbá àti ìró ni ọ̀gá àkọ́kọ́ mọ̀, á wá ẹni tó ń gé agbádá lọ. Yóò máa gbowó níbẹ̀, kì í ṣe pé ó ń sanwó. Àwọn oníbàárà á máa mọ ojú rẹ̀, á máa rí bí ọ̀gá kejì ṣe ń ṣírò aṣọ tí kò tó, tó sì tó. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, orúkọ ọ̀gá méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

PhD ni fírídọ́ọ̀mù yẹn. Pósìdọ́ọ̀kì ni ọdún méjì tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá là á kọjá, ó máa ń ṣòro fún un lónìí kó tó rí àjọ tó máa gbé owó ìwádìí ńlá lé e lọ́wọ́ pé kó lọ dá yàrá ìwádìí tirẹ̀ sílẹ̀. Torí náà, nígbà tí ẹ sọ pé ọmọ yìí ti kàwé tán, òótọ́ lẹ sọ. Ó ti kàwé tán. Iṣẹ́ ló fẹ́ lọ ṣe.

Ọ̀rọ̀ kòkòrò ló kù, òun ló sì dùn mọ́ mi jù.

Nínú oṣù kẹjọ, kí ọmọ náà tó kọ̀wé sí yín, ó wá kí mi nílé. Mo ní ẹ̀wà bí ebè mẹ́fà lẹ́yìn ilé, níbi tí mo ti ń da omi àwo nù. Ó ní kí n fún òun ní ọkọ́ kékeré. Kò fà á tu bí àwa ṣe máa ń fa ẹ̀wà tu. Ó wa ilẹ̀ yí i ká, ó gbé gbòǹgbò náà jáde pẹ̀lú erùpẹ̀, ó sì rì í sínú bàsíà omi títí ilẹ̀ fi rọ̀ kúrò. Kókó róbótó-róbótó ló kún ara gbòǹgbò náà, òmíràn tó irú, òmíràn tó ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọmọdé. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, orí pátákó ni mo ti máa ń ya kókó wọ̀nyí. Mi ò fi abẹ gé e wò rí. Ó gé ọ̀kan sí méjì. Inú rẹ̀ pọ́n, àwọ̀ ẹran tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lórí tábìlì alápatà. Ó gé ìkejì, ó tún pọ́n. Ó gé ìkẹta, èyí funfun, ó sì rọ̀ lábẹ́ abẹ. Ó gbé e sókè sí mi, ó ní, "Mà, èyí ń jẹ, kò ṣiṣẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tó ti gbàgbé bàọ́lọ́jì. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún ni náítírójìn. Láìsí náítírójìn, ewéko kò lè ṣe purotéènì, àmọ́ kò lè mú un láti inú afẹ́fẹ́. Ó dà bí owó tó wà ní báńkì tí káàdì rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹni. Àwọn ará Jámánì ló kọ́kọ́ dá ilé iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ láti fi ẹ̀rọ yí i padà sí ohun tí ewéko lè lò, ní Oppau lọ́dún 1913, pẹ̀lú iná tó gbóná ju ìwọ̀n 400 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ àti ìfúnpá tó lè fọ́ irin. Ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n ṣì ń gbà ṣe fatiláísà yúríà tí àwọn àgbẹ̀ wa ń rà ní àpò-àpò. Bakitéríà inú kókó ẹ̀wà ń ṣe iṣẹ́ yìí kan náà nínú ilẹ̀ tútù, láìsí èéfín. Ẹ̀wà ń fi ṣúgà san owó iṣẹ́ rẹ̀. Ohun èlò tí bakitéríà ń lò kò sì fẹ́ràn ọ́kísíjìn rárá, ọ́kísíjìn ń bà á jẹ́; nítorí náà, inú kókó ní nǹkan pupa kan tó jọ ẹ̀jẹ̀, tó ń díwọ̀n ọ́kísíjìn wọlé bí ẹni ń díwọ̀n iyọ̀ sínú ọbẹ̀. Pupa tí mo rí lórí abẹ nìyẹn.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà nínú èésú wa ti mọ ìbéèrè tó kàn kí n tó béèrè rẹ̀. Bakitéríà tó ń jẹ ṣúgà láìṣe náítírójìn, kí ló ń dá a lọ́wọ́ kọ́? Iṣẹ́ náà gba agbára púpọ̀. Èyí tó bá sá níṣẹ́, agbára tó fi pamọ́ ló máa fi bímọ. Bí ọ̀rọ̀ bá dúró bẹ́ẹ̀, àwọn ọlẹ nìkan ló yẹ kó kù nínú ilẹ̀ láti ayébáyé, ẹ̀wà ì bá sì ti jáwọ́ nínú àjọṣe náà.

Ìwé èésú ti wà lọ́wọ́ mi fún ọdún mọ́kànlá. Obìnrin mẹ́rìndínlógún, oṣù mẹ́rìndínlógún, ẹ ò gbọ́ ariwo wa rí. Ẹnìkan wà tó gba ìkejì lọ́dún kan torí pé ọmọ rẹ̀ fẹ́ wọ yunifásítì. Gbogbo wa la fọwọ́ sí i. Oṣù kẹta, ó mú ìdajì wá. Oṣù kẹrin, fóònù ń dún, kò gbé e. Oṣù karùn-ún, wọ́n ní ó ti kó lọ sí Suleja. A ò pe ọlọ́pàá, a ò ṣépè fún un. Nígbà tó padà dé lọ́dún kejì, tó san gbèsè rẹ̀, tó sì tún fẹ́ wọlé, ìkẹrìndínlógún ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ó bínú. Ó san án tán, ó gba tirẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tuntun yòówù, ìsàlẹ̀ ìwé ni orúkọ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ òfin yẹn sílẹ̀.

Ẹ̀wà náà ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Toby Kiers, obìnrin tó wà ní Vrije Universiteit ní Amsterdam báyìí, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi hàn nínú ìwé ìròyìn Nature ní 2003, lára ẹ̀wà sóyà. Wọ́n mú bakitéríà tó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n wá yọ náítírójìn kúrò nínú afẹ́fẹ́ tó yí gbòǹgbò ká, wọ́n fi ágọ́ọ̀nì, gáàsì tí bakitéríà kò lè fi ṣe nǹkan kan, rọ́pò rẹ̀. Bakitéríà fẹ́ ṣiṣẹ́, kò rí ohun tó máa fi ṣe é. Lójú ẹ̀wà, ó ti di ọlẹ. Wọ́n dán an wò lára odindi ewéko, lára ìdajì gbòǹgbò, títí dé orí kókó kan ṣoṣo. Ibi gbogbo ni sóyà ti fìyà jẹ ọlẹ: àwọn bakitéríà tí kò lè ṣe náítírójìn wọ̀nyẹn, ọmọ tí wọ́n rí bí dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Ó sì jọ pé ọ́kísíjìn ni sóyà ń fún mọ́ wọn lọ́wọ́. Kò lé wọn jáde. Ìsàlẹ̀ ìwé ló kọ orúkọ wọn sí.

Ìmọ̀ tí ọmọ wa ń lọ bá ṣiṣẹ́ nìyí: bí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹ̀dá, ohun tó mú un dúró, àti bí ẹ̀dá méjì tí kò bára tan ṣe ń gbé pọ̀ títí ọ̀kan ò fi lè dá gbé mọ́. W. D. Hamilton, onímọ̀ ẹ̀dá ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi ìṣirò sí i ní 1964, ọ̀rọ̀ ẹbí ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí a mú èrè tí ẹni tí a ràn lọ́wọ́ rí, kí a fi ìwọ̀n ìbátan sọ ọ́ di púpọ̀; bó bá ju ohun tó ná olùrànlọ́wọ́ lọ, ìwà ìrànlọ́wọ́ náà á tàn kálẹ̀ nínú ìran wọn. Ọmọ ìyá ọmọ bàbá, ìdajì. Ọbàkan, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni, ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹni tó bá dàgbà sínú agbo ilé olórogún mẹ́ta ti mọ ìṣirò yẹn kó tó wọ ilé ìwé.

Àwọn tí kò bára tan ńkọ́? Bàbá mi dáko ní ẹ̀bá Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn mẹ́rin ló ń ṣe àáró. Òní lóko tèmi, ọ̀la lóko tìrẹ. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ràn láti máa rán ọmọ rẹ̀ kékeré wá dípò ara rẹ̀. Bàbá mi kò bá a jà. Nígbà tó kan oko ọkùnrin náà, èmi ló rán, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, pẹ̀lú ọkọ́ tí èrúkọ́ rẹ̀ ń mì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló wá. Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni Robert Axelrod ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn onímọ̀ kárí ayé fi ètò kọ̀ǹpútà ránṣẹ́, kí wọ́n fi wọ́n díje láti mọ èyí tó gbọ́n jù nínú irú àjọṣe báyìí, èyí tó kúrú jù nínú gbogbo wọn ló borí, ti Anatol Rapoport: kọ́kọ́ ṣe dáadáa, lẹ́yìn náà, ohun tí ẹnìkejì bá ṣe sí ọ gbẹ̀yìn ni kí o ṣe padà. Axelrod àti Hamilton jọ kọ ọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 1981. Bàbá mi ti kú nígbà náà, ì bá ti sọ fún wọn láìgbowó.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ìtàn ti dùn tó, ibo ni Àríwá wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ.

Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀wà jù láyé, Àríwá ló sì ń gbìn ín. Ẹni tó bá ti dé ọjà Dawanau ní Kano rí, kó sọ bóyá ó rí ìpẹ̀kun àpò ẹ̀wà. Mudu tí àwa obìnrin ń wọ̀n lọ́jà Kubwa, ibẹ̀ ló ti ń bọ̀. Inú kókó wọ̀nyẹn sì ni apá tó pọ̀ nínú náítírójìn tí ẹ̀wà yẹn ń lò ti wá, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ní báyìí, ẹ gbọ́ ohun tó ń ba ọmọ náà lẹ́rù. Ní Michigan ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ kan wà tí wọ́n da fatiláísà náítírójìn sí fún ọdún méjìlélógún, ilẹ̀ mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọn kò da nǹkan sí. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ kọ ọ́ jáde pé bakitéríà tó wá láti ilẹ̀ fatiláísà kò ran ewéko lọ́wọ́ tó ti ẹnìkejì mọ́. Àwọn bakitéríà náà ti di ọlẹ láti ìran dé ìran. Nígbà tí oúnjẹ wà nínú ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ni ewéko tún fẹ́ máa ṣọ́ òṣìṣẹ́ fún? Mo rò pé ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọọ̀dọ̀ mọ ohun tí mò ń wí.

Ṣé ó ti ń ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ wa níbí? Ìbéèrè tí ọmọ náà ń gbé lọ nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti lè dáhùn rẹ̀ kò sì sí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Samaru ní Zaria ló wà. Láti 1950 ni wọ́n ti dá ilẹ̀ ìdánwò kan sílẹ̀ níbẹ̀, tí apá kan ń jẹ ìgbẹ́ màlúù, tí apá kan ń jẹ fatiláísà, lọ́dọọdún, lórí ilẹ̀ kan náà. Irú ilẹ̀ tó ní ìtàn gígùn bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ ní Áfíríkà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka jíìnì bakitéríà, ìyẹn àmì ìran tó wà nínú ara rẹ̀, tó lè fi hàn ẹni tó ti di ọlẹ àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ló wà lọ́hùn-ún, pẹ̀lú àwọn tó ti fi ogún ọdún kọ́ bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ ohun tí ẹ̀rọ náà sọ. Ó ń lọ kọ́ agbádá, kó lè wá gé aṣọ tó wà nílé.

Bó bá dà bíi pé àlá ni, ẹ wo Brazil. Obìnrin kan níbẹ̀, Mariangela Hungria, tó ń ṣiṣẹ́ ní Embrapa, àjọ ìwádìí ọ̀gbìn ti ìjọba Brazil, ló gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 2025 torí iṣẹ́ tó ṣe lórí bakitéríà gbòǹgbò. Sóyà tí Brazil ń tà fún gbogbo ayé, bakitéríà ló ń bọ́ ọ, kì í ṣe yúríà. Nílé wa níhìn-ín náà, IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, ti ṣe nǹkan tó yà mí lẹ́nu. Sóyà tó wá láti Amẹ́ríkà kì í bá bakitéríà ilẹ̀ wa ṣe, ó ń wá ti ìlú rẹ̀. Wọ́n wá fi ọ̀pọ̀ ọdún bí irú ọmọ sóyà kan tí wọ́n ń pè ní TGx, tó ń bá bakitéríà ilẹ̀ Áfíríkà tó bá pàdé ṣiṣẹ́. Oníṣekúṣe ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì pè é lédè òyìnbó. Èmi á pè é ní ọlọ́yàyà.

Kí ẹ má rò pé abẹ́ ẹ̀wà nìkan ni nǹkan yìí wà. Ọ̀gán tí ẹ máa ń rí lójú ọ̀nà bí ẹ bá ti ń lọ sí Zuba, àgbẹ̀ ni àwọn ikán kan tó ń kọ́ wọn. Wọ́n ń gbin olú sínú ilé, wọ́n ń fi igi jíjẹrà bọ́ ọ, wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Olú tí ẹ̀yin náà ń ṣa lórí ọ̀gán lásìkò òjò, ọ̀kan náà ni. Ó ti tó nǹkan bí ọgbọ̀n mílíọ̀nù ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é, ilẹ̀ Áfíríkà ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Copenhagen àti Wageningen nílẹ̀ Yúróòpù wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí rẹ̀ jù báyìí. Ọ̀gán tiwa nìyẹn, ẹ̀yin bàbá mi.

Ọmọ yìí kò sì dá wà. Mo mọ ọmọ Yorùbá mẹ́rin sí i láàárín Zaria, Jos àti ibí tí wọ́n ti gba PhD nínú irú ìmọ̀ yìí tí wọ́n sì jókòó, torí wọ́n rò pé ẹni tó bá mọ ẹnìkan ló ń rí iṣẹ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò Marie Skłodowska-Curie ti ilẹ̀ Yúróòpù ń gba ọmọ orílẹ̀-èdè yòówù fún ọdún kan sí méjì, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n sábà máa ń ti ilẹ̀kùn. Ìdíwọ̀n wọn ni pé o kò gbọ́dọ̀ ti gbé ìlú tí ò ń lọ pẹ́. Àjọ Humboldt ní Jámánì ń gba ìwé ní gbogbo ìgbà lọ́dún, fún ẹni tí PhD rẹ̀ kò tíì pẹ́. TWAS, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Trieste ní Ítálì ní 1983, ń rán àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè bíi tiwa lọ ṣe pósìdọ́ọ̀kì ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa mìíràn. Àwọn tó ń gbani fún ìmọ̀ yìí gan-an wà ní Oxford lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Stuart West, ní Amsterdam lọ́dọ̀ Kiers, ní ilé ìwádìí Max Planck tó wà ní Plön ní Jámánì àti èyí tó wà ní Jena. IITA fúnra rẹ̀ máa ń polówó irú iṣẹ́ yìí, ẹni tí kò fẹ́ rìn jìnnà.

Ohun tí ọmọ náà sọ fún mi pé ó ṣiṣẹ́ fún òun ni pé òun kò kọ "Ọ̀gá, mo ń wá iṣẹ́" sí ẹnikẹ́ni. Ó ka ìwé tí obìnrin tó gbà á kọ, ó rí ibì kan tí obìnrin náà sọ pé òun kò tíì rí bakitéríà ilẹ̀ gbígbẹ wò, ó sì kọ ìlà mẹ́jọ péré pé òun ní irú bakitéríà mọ́kànlélógójì láti Samaru àti Funtua. Ọjọ́ mẹ́ta ni èsì fi dé. (Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí di ike erùpẹ̀ sínú báàgì o. Àdéhùn Nagoya ti 2010 wà lórí ohun abẹ̀mí tó bá ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń gbé e. Òun náà ló jẹ́ kó dára pé èèyàn tiwa jókòó síbi tí wọ́n ti ń pín èrè.)

Ó wá ku owó. Ẹnìkan ní ìpàdé ní bó bá jẹ́ iṣẹ́ gidi, kí wọn fún un lówó ọkọ̀. Wọ́n máa fún un. Lẹ́yìn tó bá dé ni. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba pọ́n-ùn 1,035 lọ́dún kan fún ìlera lórí ẹni tó ń lọ ṣiṣẹ́, ti ọdún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà sì ni, kí wọ́n tó fọwọ́ sí físà. Ìyẹn pọ́n-ùn 2,070, kí a tó dárúkọ owó físà fúnra rẹ̀, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, tíkẹ́ẹ̀tì, àti onílé tó fẹ́ owó ìdúró. Yunifásítì náà ti kọ ọ́ pé àwọn á dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà bó bá mú rìsíìtì wá. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kì í ta páànù mọ́ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń dùn ún, níbo ni yóò ti rí owó tí wọ́n máa dá padà? Ibi tí ìlẹ̀kùn ti ń pa mọ́ àwọn ọmọ wa lójú nìyẹn. Ìwé kọ́.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Ẹ yí gbólóhùn kan padà nínú òfin owó ẹ̀kọ́, níbi tó ti sọ pé "ẹni tó ń kàwé", kí ẹ fi "tàbí ẹni tó rí iṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn PhD" kún un. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yáwó, ẹ má fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Kí onídùúró méjì wà. Kí owó tí yunifásítì bá dá padà kọ́kọ́ wọ àpò ẹgbẹ́ kí ó tó wọ ti ọmọ. Kí ẹni tó bá san án tán di onídùúró fún ẹni tó kàn, kí ẹni tó bá sì dákẹ́ fóònù máa rántí pé mo mọ ọ̀nà Suleja. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ girama wa lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó ti ní òun á ṣe é; èmi kọ́ ni mo fi sí i lẹ́nu.

Oṣù kìíní ni wọ́n ń retí rẹ̀ níbi iṣẹ́. Wọ́n ti sún un síwájú lẹ́ẹ̀kan. Àwa obìnrin mẹ́rìndínlógún ti jókòó lé e lọ́jọ́ Àìkú: ẹni tí ìkẹta kàn ti gbà kí ọmọ náà gba ti òun, ìyẹn á sì mú ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà. Èmi ni onídùúró àkọ́kọ́. Orúkọ ìkejì ṣì ṣófo lórí ìwé, mo sì máa gbé e dání wá sí ìpàdé Sátidé tó ń bọ̀, pẹ̀lú bírò.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Tíṣà,
akọ̀wé èésú àwọn obìnrin, Kubwa